Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Sọ Ẹni Tó Jẹ́?

Ní oṣù Keje ọdún 2007, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi ní agbègbè Claremont, ìpínlẹ̀ California, ń ṣèpàdé. Ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ náà dìde láti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún àwọn tó bá níbẹ̀. Xavier Alvarez lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ ogun marine lòun, pé ọdún 25 lòun fi ṣiṣẹ́ náà kóun tó fẹ̀yìntì lọ́dún 2001, pé lọ́dún 1987 ni wọ́n sì fún òun ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè gbà. Irọ́ ni látòkè délẹ̀. Alvarez ò ṣiṣẹ́ ológun rí láyé rẹ̀. Ó ti sọ nígbà kan pé òun gbá họ́kì fún Detroit Red Wings, pé òun sì ti fẹ́ òṣèré ará Mexico kan sílé. Irọ́ nìyẹn náà.

Ìjọba bá a ṣẹjọ́ lábẹ́ òfin Stolen Valor Act, tó sọ irọ́ pípa nípa àmì-ẹ̀yẹ ológun di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Lóṣù Kẹfà ọdún 2012, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, wọ́n sì fagi lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe òmíràn: ní báyìí, àfi bí ẹni náà bá fi irọ́ ọ̀hún wá owó, dúkìá tàbí àǹfààní gidi mìíràn kó tó di arúfin. Ẹni tó kàn ń fi ṣe fáàrí, ìtìjú ló máa jẹ, kò ní ṣẹ̀wọ̀n.

Irú Alvarez wà lára ohun tó ń mú káwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà máa tẹjú mọ́ ẹni tuntun tó bá wọ agbo tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ológun wo lo ṣe? Ọdún wo ni? Ibo ni wọ́n gbé ọ lọ? Àwọn kan ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó láàárín àwọn láìkọ́kọ́ dáhùn. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ọ̀rọ̀ ogun ṣì ń bá sùn tó ń bá jí kò yẹ lẹ́ni tí à ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìbéèrè, torí ó lè yí padà kó má wá mọ́. Ìhà kejì yìí lèmi wà, kì í sì í ṣe tìtorí àánú nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ làwọn tó dá irú agbo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ti dorí ìbéèrè náà kodò: ẹni tó fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ tẹnu tirẹ̀.

Ọdún 1970 ni, ní New York. Ogun Vietnam ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn sójà tó ti ogun náà dé ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ọdún 1967 láti ta ko ogun ọ̀hún, Vietnam Veterans Against the War. Wọ́n máa ń jókòó yíká ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n á máa sọ ohun tójú wọn rí àti ohun tí ọwọ́ wọn ṣe, dórí àlá tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọsibítù ìjọba, nítorí ìjọba yìí kan náà ló rán wọn lọ. Jan Barry, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, kọ̀wé sí Robert Jay Lifton, oníṣègùn ọpọlọ tó ti kọ ìwé lórí àwọn tí bọ́ǹbù Hiroshima ò pa. Lifton pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Chaim Shatan, mọ́ra, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Bí ohun tí wọ́n ń pè ní rap group, ìyẹn agbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe gba àwọn dókítà náà wọlé ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Èèyàn á rò pé dókítà ni yóò máa bi sójà ní ìbéèrè. Àwọn sójà ò gbà. Àwọn ni wọ́n ń tú àwọn dókítà wò: kí lẹ wá ṣe níbí? Níbo lẹ dúró sí lórí ọ̀rọ̀ ogun yìí? Kò sẹ́ni tó wà lórí àga, kò sẹ́ni tó wà lórí ẹní. Ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Yale bíi Lifton, ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan tirẹ̀ náà lélẹ̀. Lifton gbà bẹ́ẹ̀. Òun náà ti ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú nígbà ogun Korea, kì í ṣe ẹni tó kàn gbọ́ nípa sójà nínú ìwé. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1972, Shatan gbé ohun tí wọ́n ń gbọ́ lágbo náà jáde nínú New York Times. Nígbà tó fi máa di 1980, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ ti gba ìnira náà wọlé, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí PTSD lónìí.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Boston, a ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tó ń gbọ́ ò bá ti sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Lọ́dún 1969, Sarah Haley ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì, níbi tó ti ń ṣèrànwọ́ fún àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, sójà kan tí jìnnìjìnnì bò wà lára àwọn tó bá níbẹ̀. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun pa obìnrin àti ọmọdé nípakúpa ní abúlé kan ní Vietnam tó ń jẹ́ My Lai, pé òun ò bá wọn yìnbọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti lérí pé ẹ̀mí òun á lọ sí i bóun bá lanu. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó wà nínú fáìlì ni pé orí rẹ̀ dàrú, ó ń rí ohun tí kò sí. Haley ní òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Wọn ò dá a lóhùn. Bàbá Haley ti ja ogun àgbáyé kejì, ilé ló ti ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò ṣàjèjì sí i. Ọdún yẹn ò tíì parí tí gbogbo ayé fi gbọ́ nípa My Lai.

Ẹ wò ó: ọkùnrin yẹn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Gbogbo ohun táwọn tó ń ní kí àlejò sọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń béèrè ló ṣe, ó tún ṣe lé e. Ìwé tó pè é ní wèrè ló fi gbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka Vet Center, ibi táwọn ajagunfẹ̀yìntì ti lè sọ tinú wọn, sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù lọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1971 ni sẹ́nétọ̀ Alan Cranston ti ń gbé àbá rẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ ń fọwọ́ sí i, ilé kejì ń dí i lọ́nà, títí Ààrẹ Jimmy Carter fi buwọ́ lù ú lọ́dún 1979. Max Cleland ló ń darí àjọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì nígbà náà, ọkùnrin tó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá kan ní Vietnam lọ́dún 1968. Wọn ò kọ́ Vet Center sínú ọsibítù. Ojú pópó ni wọ́n gbà á sí, láàárín ìsọ̀ àti ọ́fíìsì, kí èèyàn lè yà síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Ó ti tó nǹkan bí 300 báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ti ṣe sójà rí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, èèyàn ò sì nílò láti forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù àjọ náà kó tó wọlé. Àkọsílẹ̀ ibẹ̀ dá dúró gedegbe: wọn kì í ṣí i fún ọsibítù tàbí ọ̀gá ológun láìjẹ́ pé oníǹkan fọwọ́ sí i, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Wọ́n kúkú máa ń béèrè ìwé. DD 214 lorúkọ ìwé tí iṣẹ́ ológun máa ń fún ẹni tó bá ń lọ, ó ń sọ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ àti bó ṣe kúrò. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń wo ìyẹn, láàárín èèyàn méjì, kì í ṣe láàárín agbo. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ àlejò ló da nǹkan méjì yìí pọ̀: ká mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ ẹni náà ni láti wọlé, àti ká fẹ́ mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Èyí àkọ́kọ́, akọ̀wé lè ṣe é kó sì parí síbẹ̀. Èyí kejì, a ò gbọdọ̀ fi ṣe owó ìwọlé.

Ìwé pàápàá kò tó gbára lé pátápátá. Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ológun sí ní St. Louis, ó sì jó fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Bàbá àgbàlagbà tó ja ogun Korea lè dé lónìí kó má ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ṣé òpùrọ́ la ó wá pè é?

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ìbéèrè tó dà bíi pé kò léwu rárá ló máa ń gbò wọ́n jù. Ọdún 1992 ni òfin kọ́kọ́ fàyè ìtọ́jú gba àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Àwọn ọkùnrin náà wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, sójà ẹlẹgbẹ́ ẹni tàbí ọ̀gá ẹni ló ṣe é. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dárúkọ ikọ̀ tó wà àti ọdún tó fi wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó hùwà náà ló jókòó sí òdìkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láti ìparí ọdún 2008, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI fàyè gba àwọn àjèjì kan láti wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí èdè tí wọ́n gbọ́. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò, kí wọ́n tó dá ètò ọ̀hún dúró lọ́dún 2016. Àwọn ọmọ wa mìíràn sì wà tó gba ọ̀nà tó wọ́pọ̀ wọlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdé ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú irú agbo yìí, ẹ̀yin náà mọ bí yóò ṣe rí. Ọmọ ibo ni ọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú ibo? Agboolé wo? Kó tó dáhùn ìkẹta, ìyá ìjọ ní Houston ti lè mọ ẹni tó jẹ́, ká tó wá sọ ti ìdílé ìyàwó rẹ̀. Ìkíni tó dáa ni nílé. Níbẹ̀, ó lè dí èèyàn lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní àwíjàre tiwọn. Kò rọrùn kéèyàn máa tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń gbọ́ tí kò sọ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi Alvarez léèrè àmì-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà, òun ló fẹnu ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Òpùrọ́ kì í sá fún àǹfààní láti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ńṣe ló máa ń wá a kiri. Ẹni tó ní orúkọ kan péré tó fẹ́ ká máa pe òun, tó ní àárín ọmọ ogun orí ilẹ̀ lòun ti ṣiṣẹ́, tó sì ní òun kàn fẹ́ jókòó gbọ́ lónìí, ìyẹn ti sọ èyí tó tó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkẹwàá kó tó sọ ìyókù, òun ló ni ín.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí. Lọ́dún 2012, Ààrẹ Obama pàṣẹ kí àjọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì gba 800 èèyàn síṣẹ́ láti máa dúró ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn tí irú ìṣòro náà ti bá fúnra wọn rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá jókòó, kí àwọn ògbólógbòó tẹ̀ lé e. Ó sì tún ku ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ẹni tuntun máa ń fìdí sí, kó lè rọrùn fún un láti jáde. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, òun ni ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kàn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì.