Olórin àti Ẹ̀ṣọ́ Rẹ̀: Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Ìgbà Ọlidé Ni Ìfẹ́ Wọn Máa Ń Bẹ̀rẹ̀?

  Tó bá jẹ́ inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ di fóònù yín mú dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ojú fèrèsé.

Ẹ mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Ọmọbìnrin kan ń kọrin, orin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọ́n gba ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín pé kó máa ṣọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò lè wo ara wọn lójú. Ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́, ọkùnrin náà ní kò gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà ni ọdún Kérésì dé, wọ́n jọ lọ síbi kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dára, òtútù mú, iná Kérésì ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ bá di bàmí-ín. Ilé iṣẹ́ Hallmark ní Amẹ́ríkà ti sọ irú fíìmù ìfẹ́ ìgbà ọdún báyìí di òwò. Láti 2009 ni wọ́n ti ń kó wọn jọ lọ́dọọdún lábẹ́ orúkọ Countdown to Christmas. Ẹ ti mọ bó ṣe máa parí kí gúgúrú ọwọ́ yín tó tán. N ò bínú sí i o, èmi náà ń wò ó.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọlidé? Kí ló dé tí wọn kì í fẹ́ra ní oṣù Kẹta, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná Kérésì àti òjò dídì kàn ń mú fíìmù dára lójú ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọlidé kúrò nínú ìtàn olórin àti ẹ̀ṣọ́, ìtàn náà á dá sí méjì. Ìdí rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn gan-an.

Ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò kéré lẹ́nu Yorùbá. Nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé jẹ́ 70, akíkanjú jagunjagun ni gbogbo wọn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Wọn kì í fi ẹ̀yìn han ogun. Lónìí, ẹ̀ṣọ́ lè jẹ́ ọmọkùnrin kan tó ga, tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé ní Èkó ní aago méjì òru, tí kò tíì jẹun láti ọ̀sán.

Tí ẹ bá lọ sí ṣóò kan ní oṣù Kejìlá yìí, ẹ fi olórin sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ wo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Tó bá mọ iṣẹ́, ẹ̀yìn ló máa kọ sí olórin, èrò ló máa kọjú sí. Kódà kì í ṣe ojú àwọn èèyàn ló ń wò jù, ọwọ́ wọn ni, torí ọwọ́ ló ń ju ìgò, ọwọ́ ló ń fa aṣọ ya. Kí olórin tó dé rárá, ẹ̀ṣọ́ gidi ti wá síbẹ̀, ó ti mọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí àti èyí tí wọ́n tì pa, ó ti mọ ibi tí mọ́tò máa dúró sí àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí olórin, tó ń mi orí sí orin, òǹwòran ni, wọ́n kàn gbàgbé láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ṣé ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Ìfẹ́ ní kó wo obìnrin náà. Owó oṣù ní kó wo gbogbo nǹkan yòókù. Kò lè ṣe méjèèjì pa pọ̀. Ìgbà ọlidé nìkan, tí kò sí èrò, tí kò sí ìtàgé, ló lè yíjú padà kó wò ó láìjẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé fi ń kó wọn lọ sí abúlé, sí etí òkun, sí ilé orí òkè. Ó fẹ́ fún ojú ọkùnrin náà ní ìsinmi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí fíìmù tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn, The Bodyguard, tó jáde ní oṣù Kọkànlá 1992. Fíìmù náà ti lé ní 30 ọdún, nítorí náà ẹ má bá mi jà pé mo tú àṣírí. Lawrence Kasdan ló kọ ọ́, láti àwọn ọdún 1970 ló sì ti kọ ọ́. Steve McQueen àti Diana Ross ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, kò bọ́ sí i. Nígbà tó yá, Kevin Costner di ẹ̀ṣọ́ náà, Frank Farmer. Whitney Houston di olórin náà, Rachel Marron, fíìmù àkọ́kọ́ tó sì ṣe nìyẹn. Ní tòótọ́, Rachel kì í ṣe olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ìràwọ̀ ni. Àmọ́ òun ni gbogbo àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e ń jọ.

Frank ti ṣe ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn lu Reagan ní 1981, kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló lọ, kò sì tíì dárí ji ara rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Rachel wá sọ fún un pé kò sí ọkùnrin tó lè mú òun jáde nígbà tó bá ń tẹ̀ lé òun kiri bí òjìji, nítorí náà kó kúkú mú òun jáde fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n obìnrin nìyẹn o! Sinimá ni wọ́n lọ, wọ́n lọ wo Yojimbo, fíìmù Japan tí Kurosawa ṣe ní 1961. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ìtumọ̀ yojimbo ní èdè Japan ni ẹ̀ṣọ́. Wọ́n sùn sọ́dọ̀ ara wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Frank ní kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́, pé òun ò ní lè dáàbò bò ó.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọkùnrin yẹn ń ṣe fọ́ńté ni. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo rò pé òun nìkan ló sọ òtítọ́ nínú fíìmù náà. Torí nígbà tó yá, ó kó Rachel, ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá adágún, nínú òjò dídì. Ó jọ ọlidé gan-an. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ọmọdé ń ṣeré. Ibẹ̀ gan-an ni ikú tẹ̀ lé wọn dé. Ọkọ̀ ojú omi bú gbàmù, wọ́n yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n Rachel. Àwọn fíìmù kéékèèké tó wá lẹ́yìn mú ilé inú òjò dídì náà, wọ́n fi ìbọn sílẹ̀. Bí ìtàn ṣe di ẹ̀rín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ya ẹnu ọ̀nà díẹ̀ sórí orin inú rẹ̀, I Will Always Love You, nítorí n ò lè mú un mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ 14 ló fi wà ní ipò kìíní lórí Billboard. Costner ló tẹnu mọ́ ọn pé kí Whitney fi ohùn lásán bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láìsí ìlù kankan. Àmọ́ Dolly Parton ló ni orin náà, ó kọ ọ́ ní 1973, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà. Ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ orin, Porter Wagoner, ló kọ ọ́ fún, nígbà tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè dá dúró. Orin ìdágbére fún iṣẹ́ ni! Ẹ̀yin MC àti DJ tí ẹ ń lò ó fún ijó ìyàwó àti ọkọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ó bá fíìmù náà mu jù báyìí lọ, torí ohun tó ń ya Frank àti Rachel kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ni.

Ẹ wá fi wé Beyond the Lights, tí Gina Prince-Bythewood ṣe ní 2014. Noni ni olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní tòótọ́, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ò tíì bọ́ sí ọjà. Gugu Mbatha-Raw ló ṣe é. Kaz jẹ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilé ìtura tó dé sí. Fíìmù náà ò fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, torí Kaz ló fa ọmọ náà padà ní etí báńkónì lóru ọjọ́ tó fẹ́ fò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sá lọ sí Mexico, ọlidé gidi nìyẹn. Noni tú irun àfikún orí rẹ̀ kúrò, irun tirẹ̀ yọ. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Fún ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, Kaz sì lè wò ó dáadáa. Kò pẹ́ tí àwọn oníkámẹ́rà fi já wọn.

Àwọn méjì yìí fẹ́ra wọn dé òpin. Kí ló fà á tí ti Frank ò fi rí bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, owó ni. Kì í ṣe Noni ló ń san owó oṣù Kaz, ìjọba ló ń san án. Tó bá sọ pé rárá, oúnjẹ ò ní tán nílé rẹ̀. Tí Noni bá sọ pé rárá, kò lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ní ayé gidi náà, ẹ wo ọmọ ọba Monaco, Stéphanie. Kì í ṣe ọmọ ọba lásán o, ó kọ orin Ouragan ní 1986, ó sì gbòde gan-an ní Faransé. Ó fẹ́ Daniel Ducruet, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ tó di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Wọ́n bí ọmọ ní 1992, wọ́n tún bí ní 1994, wọ́n ṣègbéyàwó ní 1995, wọ́n kọra wọn sílẹ̀ ní 1996. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó. N ò sọ pé torí pé ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni. Mo kàn ń sọ pé fíìmù máa ń parí níbi tí 1995 wà.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Èkó ò gba ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ̀ṣọ́ wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí bọ̀bọ́ àdúgbò tó ń gbé irin. Kò ní ìbọn bíi Frank, torí òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ti 1986 ò fàyè gbà á. Ohun tó ní ni ara rẹ̀ àti ohun tó mọ̀ nípa ọmọbìnrin náà. Ohun tó mọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọrin, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbà Detty December ni òun àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sí etí òkun, wọ́n ya fọ́tò, inú gbogbo wa dùn. Ní oṣù Kejì, ìjà dé, wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. Bọ̀bọ́ náà ò na án, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ó mọ nọ́ńbà tó ń ṣí géètì rẹ̀, ó mọ dókítà rẹ̀, ó mọ aago tó máa ń dá wọlé, ó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi ò lè sùn. Ó kó kúrò nínú ilé tó ti san owó ọdún kan lé lórí. Nígbà tí olólùfẹ́ mìíràn bá lọ, ọkàn ló ń kó lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó bá lọ kó kọ́kọ́rọ́ dání.

Ohun tí mo sọ fún un, tí mo sì ń sọ fún ẹ̀yin tí orin yín ń jáde: tí ọkàn bá ti ń fà síra, kí ọkùnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Kí ẹlòmíràn wá dúró níwájú ìtàgé, kí ẹ yí nọ́ńbà géètì padà, kí ẹ san gbogbo owó tó kù fún un. Tó bá di oṣù Kìíní, tí kò sí owó oṣù láàárín yín mọ́, tó sì tún wá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fún un. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ náà, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀gá yín ló ń pè yín jáde, tí ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa kọ̀ láìpàdánù iṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́, ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín.

Ní òpin The Bodyguard, Rachel dá ọkọ̀ òfurufú dúró, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó fẹnu ko Frank lẹ́nu. Gbogbo ayé rántí ìyẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í rántí. Frank ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, ó dúró lẹ́yìn àlùfáà kan tó ń gbàdúrà, ojú tirẹ̀ sì ń yí ká yàrá.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: ṣé ti Frank lẹ̀ ń ṣe, àbí ti Kaz? Ó dìgbà.