Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yìnbọn! Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ yé fi àwọn àkàndá ọmọ pamọ́ sílé

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìbọn, ìlú ọdẹ ni gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bà lẹ́sẹ̀ jẹ́ wá dìbọn mú, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín.

Ẹ̀rín kọ́ o! Láti 1976, ní Toronto, ni ìbọn yíyìn ti wà nínú Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn àkàndá. Kì í ṣe ṣakabùlà tí baba yín fi ń pa ẹtu. Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde, ọta náà ò ju mìlímítà 4.5 lọ. Mítà 10 péré ló wà láàárín ẹni tó ń yìn ín àti àmì, ṣùgbọ́n ojú àmì tó ń gba máàkì 10 ò ju ìdajì mìlímítà lọ, bí ẹni fi ẹnu bírò kan bébà. Orí kẹ̀kẹ́ lọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí. Ẹni tápá ẹ̀ ò bá lè gbé ìbọn, wọ́n á fún un ní ohun tó máa gbé e lé. Ojú tó mú, èémí tó balẹ̀, ọwọ́ tí kò gbọ̀n, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ẹ wo Avani Lekhara, ọmọ Íńdíà. Ìjàǹbá mọ́tò ló sọ ọ́ dèrò orí kẹ̀kẹ́ ní 2012. Ní 2021, ó gba wúrà nínú ìdíje ìbọn yìí ní Tokyo, ó tún gbà á ní Paris ní 2024.

Àwa náà ò kéré. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé irin gba wúrà ní Tokyo àti Paris. Irin nìkan kọ́ o: ní Paris yẹn náà, Ẹniọlá Bọ́lájí gba idẹ nínú badminton, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba àmì ẹ̀yẹ nídìí eré náà ní Paralympics. Kí ló dé tí ti ìbọn ò fi ní í tilé ọdẹ wá?

Ẹ má wulẹ̀ sáré ra ìbọn fọ́mọ o. Òfin 1959 ní ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá gbọdọ̀ níwèé àṣẹ, ìyẹn ló fi jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀, láti January 2019 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya àkàndá sọ́tọ̀. Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ̀yin olórí ọdẹ, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ kù sí. Ọmọ tẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹsẹ̀ ló dùn ún, ojú ẹ̀ ò fọ́!