Kí ni Venom, àléébù tó fara pamọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà fún ọdún 11?

Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 2015, Jason Geffner, onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí àléébù kan tó ti wà nínú ètò kọ̀ǹpútà QEMU láti ọdún 2004.

Venom, tó túmọ̀ sí oró, ni wọ́n pè é.

Kí ni iṣẹ́ QEMU?

QEMU máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó jẹ́ púpọ̀.

Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn èèyàn ní ààyè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni onílé, àwọn oníbàárà sì ni ayálégbé. Ògiri wà láàárín wọn, kí ẹnì kan má baà rí dátà ẹnìkejì.

Níbo ni àléébù náà wà?

QEMU tún máa ń ṣe àfarawé ẹ̀rọ tó ń ka floppy, dísíìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lò mọ́.

Àṣẹ tí ayálégbé bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yìí máa ń kọ́kọ́ wọ ààyè kékeré kan tí kò gbà ju báìtì 512 lọ. Bí àṣẹ kan bá parí, ó yẹ kí ètò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ààyè náà. Àmọ́ àwọn àṣẹ méjì kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹni ibi lè tipa bẹ́ẹ̀ máa rọ dátà síi títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Omi tó bá kún igbá, ilẹ̀ ló ń dà sí. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun tó bá ṣàn kọjá ààyè rẹ̀ lè bo ìlànà tí ètò ń tẹ̀lé mọ́lẹ̀, kó sì gba ipò rẹ̀. Ayálégbé náà lè wó ògiri, kó máa pàṣẹ nínú ilé onílé, kó sì dé yàrá àwọn yòókù.

Ṣé pípa floppy tó?

Rárá. Àṣìṣe mìíràn nínú QEMU àti Xen ń jẹ́ kí apá tó ní àléébù ṣì máa ṣiṣẹ́, kódà bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ floppy náà.

CrowdStrike ní àwọn kò tíì rí ẹni tó fi Venom ṣọṣẹ́ nígbà náà. Àtúnṣe sì jáde kíákíá, ṣùgbọ́n fífi í sórí ẹ̀rọ nìkan kò tó fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́; ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa wọ́n, kí wọ́n sì tún wọn tàn.

Ilẹ̀kùn tí a kò gbà mọ́ ṣì jẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní láti dí i.