Àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ilé wọn lọ sí etíkun Agadir

Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ètè wa ń bẹ́ ní Kétu àti ní Sábẹ̀ẹ́, tí kálukú ń wá òrí tí yóò fi pa ara, òtútù tó le ju tiwa lọ máa ń lé àwọn àgbàlagbà kan jáde nílé wọn ní ilẹ̀ Faransé. Wọn kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ onílé ni wọ́n ń wọ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní camping-car: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ kékeré pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi mọ́tò wọn fa ilé onítáyà lẹ́yìn, ìyẹn káráfáànù. Ọkọ àti aya ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí Agadir, ìlú etíkun kan ní gúúsù Mòrókò, àti àwọn abúlé tó yí i ká.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa náà. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà Kùtọnù, tó sì ń gba Grand-Popo kọjá lọ sí Lomé, lè ti rí wọn lábẹ́ àgbọn, tí aṣọ wọn ń gbẹ lórí okùn. Àwọn èrò inú ọkọ̀ a máa bi ara wọn pé ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń wá, ta ló ń fún wọn lówó. Agadir ló yẹ kí a lọ wá èsì sí, nítorí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ó ti di apá kan ọjà.

Mo fi àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ han ìyá àgbà mi lórí fóònù. Ó wò ó títí, ó ní, «Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?»

Mo ní, «Ìyá àgbà, wọ́n wà nílé wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́.»

Ó ní, «Ta ló wá ń tọ́jú àwọn àgbà náà?»

Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jìn díẹ̀. Láti Faransé, wọ́n á la Sípéènì já dé èbúté Algeciras, níbi tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti gbé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ wọn sọdá sí Tangier. Omi tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà níbẹ̀ kò fẹ̀. Níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kìlómítà 14 péré ni. Láti Tangier dé Agadir tó nǹkan bí kìlómítà 800, ọ̀nà ńlá tó dára sì ni, nítorí láti ọdún 2010 ni títì ńlá tó gba Casablanca àti Marrakech ti dé Agadir. Ẹni tó kánjú lè fi ọjọ́ méjì rìn ín. Àwọn àgbà yìí kì í kánjú. Wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí.

Agadir fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ, ṣùgbọ́n ó wó ìlú náà palẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 12,000. Wọn ò kọ́ ìlú náà padà sójú rẹ̀ àtijọ́. Díẹ̀ sí gúúsù ni wọ́n tẹ tuntun dó sí. Èyí mú kí ohun kan rí bí àwàdà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn arìnrìn-àjò yìí, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣe ẹ̀gbọ́n fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé tí wọ́n ń wò nígboro. Ohun tó ṣì dúró nínú ti àtijọ́ ni odi orí òkè, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ní nǹkan bí ọdún 1540. Láti ibẹ̀, èèyàn á rí èbúté ẹja tó ń kó sádìnì jáde, á sì rí yanrìn etíkun tó gùn tó kìlómítà 9 tàbí 10.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín ìlú ni àwọn onílé-lórí-táyà ń gbé. Ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á lọ sí ìhà àríwá, sí Aourir tí wọ́n ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, títí dé Taghazout, abúlé apẹja tó tó nǹkan bí kìlómítà 20 sí Agadir, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi pákó gun ìgbì òkun báyìí. Bí ara bá fẹ́ ìyípadà, wọ́n á kọrí sí Taroudant tó ní odi yíká, tàbí kí wọ́n lọ sí Tiznit, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà. Wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́rin níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, wọ́n á sì padà sí etíkun. Ọjọ́ ọjà, wọ́n á lọ sí Souk El Had ní Agadir, ọjà ńlá kan tí odi yí ká, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọjà ọjọ́ Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ná an. Ọjọ́ Ajé ló máa ń tì.

Igi kan wà lágbègbè yẹn tó yẹ kí àwọn obìnrin wa gbọ́ nípa rẹ̀. Argan ni wọ́n ń pè é. Ewúrẹ́ máa ń gùn ún lọ sókè láti jẹ èso rẹ̀, kódà ẹ lè rí ewúrẹ́ púpọ̀ lórí igi kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yọ epo rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ́ ẹ̀mí láti ṣe òrí. Wọ́n kóra jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ìgò, wọ́n sì ń tà á lẹ́bàá títì fún àwọn tó ń kọjá. Mo rò ó pé òrí tiwa kò burú jù ú lọ. Inú ike tí kò ní orúkọ kankan lára ni a ṣì ń tà á sí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Àwọn kan lérò pé olówó ni gbogbo àwọn arúgbó yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú wọn ni ẹ ó ti rí olùkọ́, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní tí ọ̀pọ̀ òbí wa kò ní ni owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù, yálà wọ́n wà nílé tàbí wọn ò sí nílé. Bí a bá pín in dọ́gba, owó ìfẹ̀yìntì ẹnì kan ní Faransé tó nǹkan bí 1,500 yúrò lóṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí kúrò. Ìyẹn ń lọ sí 984,000 sẹ́fà. Ní Benin níbí, owó tó kéré jù tí òfin ní kí a máa san fún òṣìṣẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Owó tí kò tó láti gbé bí ọba ní Paris, nígbà òtútù tí owó amúlémóoru ń ga, owó ńlá ni ní Agadir, níbi tí ibùdó ọkọ̀ ti lè gba nǹkan bí 100 dírámù lálẹ́ kan, ìyẹn bí 6,000 sẹ́fà.

Àwọn ará Agadir mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì jókòó lásán. Ìdúró àlejò yìí kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta bí ti ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Oṣù mẹ́ta ni. Láàárín oṣù mẹ́ta, búrẹ́dì ń tán, aṣọ ń dọ̀tí, gáàsì ń tán, táyà ń jò, eyín ń dunni. Ọmọ á gbé búrẹ́dì gbígbóná wá lówùúrọ̀, apẹja á gbé ẹja wá. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ á kùn ún lọ́dà tuntun ní iye tí kò tó ìdajì ti Yúróòpù. Àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ á yọ tìmùtìmù àtijọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Àwọn oníná á so pátákó sólà mọ́ òrùlé rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi eyín wọn pa mọ́ di ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ní Agadir tàbí Tiznit. Owó yìí ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn kéékèèké tààrà, kò gba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ohun kejì tí wọ́n ní ni ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀. Ọmọ Faransé kò nílò físà láti wọ Mòrókò. Ó kàn máa fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ hàn ni, wọ́n á fún un ní ọjọ́ 90. Ọkọ̀ rẹ̀ lè dúró tó oṣù mẹ́fà lọ́dún. Ẹ wá wo àwa. Oníṣòwò wa tó fẹ́ lọ wo ọjà ní Faransé á kọ́kọ́ san 90 yúrò fún físà, iye tí wọ́n gbé e sí láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó lé ní 59,000 sẹ́fà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó náà ti lọ. Mi ò sọ pé ẹ̀bi àwọn arúgbó inú ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bá wa sọ̀rọ̀ òmìnira ojú ọ̀nà, ó yẹ kí a rántí pé pásípọ́ọ̀tù ló gbé òmìnira náà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Òmìnira náà sì lè já lójijì. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà dé, Mòrókò ti ẹnubodè, ọkọ̀ ojú omi sì dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílé há sí èbúté, òmíràn há sí ibùdó wọn létíkun. Àwọn kan ní àìsàn tó ń béèrè oògùn lójoojúmọ́, oògùn tí wọ́n gbé láti ilé sì ń tán lọ. Wọ́n tún ti ẹnubodè ojú òfuurufú ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2021, kò sì ṣí títí di ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2022. Nígbà náà ni ìbéèrè ìyá àgbà mi ní ìtumọ̀: ta ló ń tọ́jú wọn? Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ibùdó ni, àti àwọn tó ń tajà fún wọn.

Ìjà kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwa ará etíkun fetí sí. Láyé àtijọ́, ẹ̀bá òkun lásán ni àwọn ọkọ̀ yìí máa ń tò sí ní ìhà Taghazout, wọn kì í san kọ́bọ̀. Àwọn ará abúlé ń tà fún wọn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tún ń pọ̀ sí i, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń da omi ẹlẹ́gbin ilé ìyàgbẹ́ wọn sí. Ìjọba kó wọn kúrò. Lónìí, òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá àti pápá gọ́ọ̀fù wà létíkun náà. Òtẹ́ẹ̀lì gba èèyàn síṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlejò tó ti jẹun àárọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì kì í ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri.

Àwa náà ń kọ́ etíkun wa báyìí. Ọ̀nà àwọn apẹja, tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, láti Kùtọnù lọ sí Ouidah, ti ń yí padà, ètò òtẹ́ẹ̀lì ńlá sì wà fún Avlékété. Mi ò lòdì sí i. Ohun tí mo ń béèrè kéré: ṣé a ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá abúlé kan tàbí méjì, tí ẹ̀rọ omi yóò wà, tí kòtò ìdalẹ̀ yóò wà, tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà yóò máa ṣọ́, kí ọkọ̀ tó ti Agadir sọ̀ kalẹ̀ gba Mòríténíà àti Senegal lè rí ibi dúró sí ju alẹ́ kan lọ? Kíkọ́ irú ibẹ̀ kò tó owó ògiri òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìyá tó ń ta àkàrà, ẹni tó ń lẹ táyà, àti ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà Ganvié yóò jẹ níbẹ̀.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ló ṣòro jù. Àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà wa kò ní ọ̀gá tó ń yọ owó pa mọ́ fún wọn. Ètò tí ìjọba Benin ń pè ní ARCH ní apá kan tó jẹ́ ti ọjọ́ ogbó fún irú wọn. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní kòmúùnù yín.

Mo padà lọ sọ fún ìyá àgbà pé àwọn arúgbó yẹn ń lọ wo òkun ni, òkun lásán, kí ara wọn lè móoru. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé òun kò tíì rí òkun rí. Láti Kétu dé etíkun Kùtọnù kò tó kìlómítà 150. Mo ní, «Ìyá àgbà, a ó jọ lọ lọ́dún tuntun.» Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà, àti ẹni tí yóò máa fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lómi títí a ó fi dé.