Bí Ilé Àwọn Mọ́ńkì Ṣe Lè Gbòòrò Láì Pàdánù Ìdákẹ́jẹ́ Rẹ̀

Ilé àwọn mọ́ńkì nínú Ìjọ Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn jìn fún àdúrà ń gbé pọ̀, yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà irú èyí tó wà nílùú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí pé apá kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn olùgbé nìkan, tí àlejò kì í wọ̀. Abala 667 nínú ìwé òfin ìjọ ti ọdún 1983 ló sọ̀rọ̀ nípa apá yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán àfikún sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye yàrá, bí kò ṣe láti orí ibi tí àlejò yóò dé dúró, àti ọ̀nà tí olùgbé yóò máa gbà lọ síbi àdúrà tọ̀sán-tòru láì bá ẹnikẹ́ni pàdé.

Benedict Mímọ́, tó kọ ìlànà fún àwọn mọ́ńkì ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, fẹ́ kí omi, ọgbà àti iṣẹ́ ọwọ́ wà láàárín odi ilé náà, kí ìrìn àjò má baà fọ́n ọkàn wọn ká. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n gba àlejò bí ẹni gba Kristi. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó tẹ̀dó sí Èwù, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ́dún 1979, dá ilé-iṣẹ́ egbòogi Pax Herbals sílẹ̀ lọ́dún 1996, irú iṣẹ́ tó ń fa òṣìṣẹ́ àti oníbàárà wá, tó sì yẹ kí ó ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Yorùbá ti mọ irú ètò tó ń ya ibi àlejò sọ́tọ̀ sí ibi olùgbé tipẹ́. Nínú agbo-ilé àtijọ́, àgbàlá ló wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, omi òjò ń ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò, bí ìdílé bá sì pọ̀ sí i, wọn a la àgbàlá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ààfin ọba tún fi hàn kedere, gẹ́gẹ́ bí G. J. Afọlábí Òjó ti ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí ààfin Yorùbá lọ́dún 1966, pé àgbàlá lè pọ̀ níye, kí ti gbogbo ìlú wà níwájú, kí ti ìdílé ọba sì wà nínú lọ́hùn-ún. Ètò alágbàlá yìí sàn fún àwọn mọ́ńkì ju ilé gígùn tí yàrá kọjú síra wọn lọ, èyí tó máa ń há ooru àti ariwo mọ́.

Ní ti ohun èlò, Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì nínú iṣẹ́ ilé rẹ̀, òun náà ló sì ya àwòrán ilé ìsìn àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ìsìn Dominican nílùú Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1970, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí kì í sé ara wọn mọ́lé bí àwọn mọ́ńkì, torí ìwàásù ni iṣẹ́ wọn. Bí irú ilé àwọn mọ́ńkì bẹ́ẹ̀ bá wà ní Ẹdẹ, ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọ yàrá, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà pátápátá sí ibi àdúrà.

Kí àwọn tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lágbègbè Ẹdẹ jọ̀wọ́ pe àwọn àgbà bíríkìlà tó mọ agbo-ilé sí ìjókòó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán.