Nígbà tí Èdè Bá Sọnù Lẹ́nu Àgbà Ilé

Rọpárọsẹ̀ kì í mú apá àti ẹsẹ̀ nìkan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá òsì ọpọlọ, níbi tí agbára èdè wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ lè dàrú mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Aphasia ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì ń bá nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ní Paris, lọ́dún 1861, dókítà Paul Broca ṣàlàyé nípa ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju “tan” lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Ohun tó ń rú ẹbí lójú jù ni pé ọ̀rọ̀ kì í lọ tán. Òùngbẹ lè máa gbẹ bàbá kó sì ní iyọ̀ lòun fẹ́. Bí wọ́n bá gbé iyọ̀ wá, ó di ìbínú. Síbẹ̀, tó bá di àsìkò ìrun, ó lè ka Fátíhà dópin. Àdúrà, ìkíni, orin, oókan-eéjì: ohun tó ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu tipẹ́ lè jáde láìjẹ́ pé ó wá ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tí kò mọ èyí á ní bàbá ń díbọ́n ni. Láìpẹ́ wọ́n á máa bá a dáhùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí ńlé. Àánú ló sábà ń fà á, kì í ṣe ìkà.

Ní Tudu, àdúgbò ọjà àti ibùdókọ̀ Aflao ní Accra, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀. Oníṣòwò Yorùbá tó pẹ́ níbẹ̀ lè máa sọ Yorùbá nílé, kó máa fi Ga àti Twi nájà, kó máa fi Haúsá bá ará Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò, ṣe. Lóṣù November 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Yorùbá tó lọ pọ̀. Láàárín àwọn ìdílé tó kù, ọmọ tí Twi dá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ kò ṣọ̀wọ́n.

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹni tó ń sọ èdè púpọ̀, àwọn èdè rẹ̀ kì í padà lọ́gbọọgba. Ní 1881, Ribot, onímọ̀ ará Faransé kan, ní èyí tí ènìyàn kọ́kọ́ kọ́ ló ń pẹ́ sọnù. Ní 1895, Pitres, dókítà ará Faransé kan, ní èyí tó ń lò jù ló ń kọ́kọ́ padà. Aláìsàn kan á bá ti èkíní mu, òmíràn á bá ti èkejì. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló padà sẹ́nu ìyá àgbà, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ju Twi àti Gẹ̀ẹ́sì lọ, wọ́n lè rò pé ìsọkúsọ ló ń sọ. Ó yẹ kí ẹni tó gbọ́ gbogbo èdè rẹ̀ bá a lọ fún àyẹ̀wò.

University of Ghana ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, àmọ́ wọn ò pọ̀, nítorí náà ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Kí àwọn ará ilé pa rédíò, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé ife omi àti iyọ̀ síwájú aláìsàn kó nawọ́ sí èyí tó fẹ́, kí wọ́n sì ní sùúrù kó tó dáhùn. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń yára padà jù, ṣùgbọ́n ó lè máa sunwọ̀n sí i fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.