Iṣan Wo Ni Wọ́n Fẹ́ Gé? Àlàyé lórí Àgéwò Iṣan Ẹ̀bátí

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àyẹ̀wò kan tí àwọn dókítà ń ṣe fún àgbàlagbà tí wọ́n bá fura pé iṣan ẹ̀bátí rẹ̀ ń wú. Ní Ore àti Odigbo tí a ti ń ṣiṣẹ́, àwa olùkọ́ èdè ni àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi ní ìtumọ̀ ohun tí dókítà wí. Lórí àrùn yìí, ìdáhùn wa lè kan ojú aláìsàn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà 'iṣan'. Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn, iṣan náà ni ó ń gbà padà. Iṣan ni ó so ẹran mọ́ egungun, iṣan sì tún ni ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Bí a bá wí fún ìyá àgbà pé wọ́n fẹ́ gé iṣan orí rẹ̀, ohun tí yóò rò ni pé ẹnu òun yóò wọ́ tàbí pé apá òun yóò rọ. A dábàá pé kí a pe èyí tí ọ̀rọ̀ kàn ní 'iṣan àlọ', nítorí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ, kí èkejì rẹ̀ máa jẹ́ 'iṣan àbọ̀'. Àyẹ̀wò náà ni a pè ní 'àgéwò'. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú 'àbẹ̀wò' ni a lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ 'ìgéwò' kò jẹ̀bi lọ́dọ̀ wa.

Àrùn náà kì í sábà mú ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ògiri iṣan àlọ ni ó ń wú, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fi ń fún. Ẹ̀bátí a máa fọ́ni, awọ orí a máa dunni tó bẹ́ẹ̀ tí gèlè kò ní í ṣe é wé, tí òṣùká kò ní í ṣe é gbé lé orí. Bí aláìsàn bá ń jẹ ẹran, àgbọ̀n a máa ro ó. Bí ó bá sinmi, a fi í sílẹ̀. Èjìká a máa le láàárọ̀. Ará ilé a ní túúlu ni, tàbí làkúrègbé. Níbi tí wọ́n ti ń wá àgbo kiri ni ẹ̀jẹ̀ kò fi ní í dé ojú mọ́, ojú tí ó bá sì fọ́ báyìí kì í sábà là padà.

Ní 1890, Jonathan Hutchinson kọ̀wé ní Ìlú Ọba nípa bàbá arúgbó kan tí kò lè dé fìlà mọ́ nítorí àrùn yìí. Ní 1932, Bayard Horton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, gé iṣan náà wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò fún ẹ̀bátí ní abẹ́rẹ́ kí ó má baà mọ ìrora, ojú aláìsàn sì wà lójúfò. Wọn yóò gé iṣan àlọ náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, wọn yóò sì rán awọ ibẹ̀ padà. Àwọn iṣan àlọ mìíràn ń bọ́ awọ orí, nítorí náà ibẹ̀ kì í sábà kú. Ọgbẹ́ lè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kí ó kẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò wọ́pọ̀. Wọn yóò rẹ ẹ̀là náà sínú oògùn tí kò ní í jẹ́ kí ó rà, wọn yóò rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọn yóò pa á láró, wọn yóò sì fi máíkíróskópù wò ó bóyá ògiri rẹ̀ wú, bóyá sẹ́ẹ̀lì ńláńlá wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní àrùn náà ni a ń bá sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lára rẹ̀.

Àrùn náà a máa fo ibìkan. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà márosẹ̀ mọ̀ pé ó lè dán níhìn-ín kí ó sì bàjẹ́ níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan náà rí. Bí ibi tí wọ́n gé bá mọ́, a kò lè búra pé àrùn kò sí. Ní ibòmíràn, ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wo iṣan náà báyìí, bí onímọ̀ rẹ̀ bá wà.

Àwọn ìwé ìṣègùn máa ń wí pé àrùn àwọn òyìnbó ni. Àmọ́ ìwádìí kan tí a gbé jáde láti Johns Hopkins ní 2019 kò rí ìyàtọ̀ gidi láàrin ènìyàn dúdú àti funfun tí àgéwò fi àrùn náà hàn lára wọn.

Ohun tí ó yẹ kí aláìsàn gbọ́ kí ó tó wọkọ̀ ní Ore lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òǹdó tàbí Àkúrẹ́ ni pé dókítà kì í dúró de èsì àgéwò kí ó tó fún un ní prednisolone. Bí wọ́n bá gé iṣan náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, àmì àrùn ṣì lè hàn níbẹ̀. Oògùn yìí a máa gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, nítorí náà dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ì báà jẹ́ pé orí rẹ̀ ti fúyẹ́.